Ẹ Fi Ìdáhùn Yín Sórí Ìwé: Ọ̀rọ̀ Ìsádi ní Yúróòpù Kọjá Ìpàdé Lásán

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2024, bí àwọn aṣòfin Yúróòpù ṣe jókòó ní Brussels láti dìbò lórí òfin tuntun nípa àwọn tó ń wá ibi ìsádi, ariwo sọ láti òkè níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ló ń pariwo pé òfin náà yóò pa èèyàn, kí àwọn aṣòfin má fọwọ́ sí i. Ìjókòó dúró díẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìdìbò tẹ̀ síwájú, òfin náà sì yege. Nínú oṣù Karùn-ún, àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà buwọ́ lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Húngárì àti Pólàndì kọ̀ ọ́ délẹ̀.

Àwa ò sọ pé kí wọ́n máa pariwo nínú ilé aṣòfin. Ohun tó jẹ wá lógún ni pé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni Kọmíṣọ̀n Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ aláṣẹ tó ń dá àbá òfin fún Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti gbé àbá òfin yìí jáde. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń fà á. Láàárín ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú kọ lẹ́tà, wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n jókòó ti àwọn aláṣẹ nípàdé, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí ní erékùṣù Lesbos ní Gríìsì àti ní Lampedusa ní Ítálì, níbi tí àwọn tó ń wá ìsádi ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ títí tí kò rí ẹni dá a lóhùn, kí ló kù tí yóò ṣe ju kó gbóhùn sókè lọ?

Kì í kúkú ṣe pé ibi ìjíròrò ni kò sí. Abala 11 nínú ìwé àdéhùn tó gbé Ìṣọ̀kan Yúróòpù ró sọ pé dandan ni kí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa bá àwọn ẹgbẹ́ aráàlú sọ̀rọ̀ déédéé, ní gbangba, láìfi ohunkóhun bò. EUAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìsádi, tó fìdí sí Valletta ní orílẹ̀-èdè Malta, ní ìgbìmọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yìí. Òfin tó dá a sílẹ̀ ló pa á láṣẹ. Frontex, àjọ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Yúróòpù tó fìdí sí Warsaw, ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2012. Kọmíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ń pe àpérò European Migration Forum láti 2015. Bó bá jẹ́ iye ìpàdé ni wọ́n fi ń mọ aláṣẹ tó gbọ́ràn, ta ni ì bá ju Yúróòpù lọ?

Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bí ìpàdé bá ti tú, kò sẹ́ni tí yóò padà wá sọ fún àwọn tí wọ́n pè pé: èyí la gbà nínú ọ̀rọ̀ yín, èyí la ò gbà, ìdí tí a ò fi gbà á nìyí. Orúkọ wọn yóò wọ inú ìwé pé wọ́n wá, àwọn aláṣẹ yóò sì máa tọ́ka sí ìwé náà lẹ́yìn ọ̀la pé àwọn bá aráàlú jíròrò kí àwọn tó ṣòfin. Èrò wa ni pé irú èyí burú ju àìpeni rárá lọ.

Òǹkàwé lè bi wá pé kí ló kan ìwé ìròyìn Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Brussels. Ó kàn wá dé egungun. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Ireland. Lọ́dún 2002, ó lé ní 11,000 èèyàn tó béèrè fún ìsádi níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù. Ọmọ Yorùbá wà lára wọn dáadáa. Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dé ibẹ̀ lọ́dún 2000 láti wá ìsádi. Nígbà tó fi máa di 2007, ó ti di mẹ́yọ̀ ìlú Portlaoise, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Ireland. Ìtàn yẹn dùn mọ́ wa, a sì máa ń sọ ọ́ níbi ayẹyẹ. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti àwọn tó há sínú ètò tí wọ́n ń pè ní Direct Provision.

Ọdún 2000 yẹn náà ni ètò ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń wá ìsádi sí òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́, sí ilé àwọn ẹlẹ́sìn tí kò lò ó mọ́, àní sí ọgbà ìgbafẹ́ kan létíkun ní Mosney. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà péré ni ẹnikẹ́ni yóò lò. Ọ̀pọ̀ lo ọdún mélòó kan. Odindi ìdílé ń sùn sí yàrá kan. Yúrò 19 àti sẹ́ńtì 10 ni wọ́n ń fún àgbàlagbà lọ́sẹ̀, iye yẹn ò sì kúrò lójú kan fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Wọn ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé náà, kò sí ibi ìdáná fún wọn: ní aago tí wọ́n bá dá ni wọn yóò lọ tò fún oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè. Ìyá tó ti ń ro ọkà látìgbà tó ti lè gbá omorogùn mú kò láṣẹ láti se ọbẹ̀ fún ọmọ tó bí. Àwọn ọmọ kan sì dàgbà dé ilé-ìwé láìrí i kí ìyá wọn dáná rí.

Kí ló wá yí i padà, níwọ̀n bó ti yí padà? Kì í ṣe ìpàdé. Lọ́dún 2014, àwọn tó ń gbé inú àwọn ilé náà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀hónú hàn, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ MASI, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ìsádi, ti jáde. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, Adájọ́ Bryan McMahon sì ṣe alága rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n gbé àbọ̀ jáde, 173 ni àbá tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn dáa, nítorí pé orí ìwé ni, tí aráàlú lè mú un dání kí wọ́n sì máa ṣírò èyí tí ìjọba ṣe àti èyí tí kò ṣe. Ní 2017, ọkùnrin kan láti Myanmar tó ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ètò náà gba ìdájọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ireland: wọ́n ní fífi òfin de iṣẹ́ ṣíṣe láìní gbèdéke tako ìwé òfin ilẹ̀ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ọ̀nà iṣẹ́ fún wọn. Ní 2019, owó ọ̀sẹ̀ àgbàlagbà di yúrò 38 àti sẹ́ńtì 80. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ọdún 2024 bá fi máa parí, Direct Provision yóò ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọdún 2024 dé, ètò náà ṣì wà, àwọn ọkùnrin tó ń wá ìsádi sì ń sùn nínú àgọ́ ní òpópónà Mount Street láàárín gbùngbùn Dublin. Ìjọba ní ogun Ukraine ti kó àwọn tó lé ní 100,000 wá bá òun lójijì. Irọ́ kọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Luxembourg sọ pé ìjọba ò lè tìtorí pé èrò pọ̀ lójijì fi ẹni tó ń wá ìsádi sílẹ̀ láìsí ibùgbé àti oúnjẹ. Ẹ kíyè sí i: níbi tí nǹkan ti sún síwájú nínú ìtàn yìí, ìwé ló wà níbẹ̀, tàbí gbèdéke, tàbí adájọ́.

Àwọn aláṣẹ ní àwíjàre tiwọn, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní: ta ló dìbò yan àwọn ẹgbẹ́ yìí? Ìbéèrè gidi ni. Aṣòfin ń padà lọ bá olùdìbò tó ń wá ilé tí yóò háyà, tó ń sọ pé àjèjì ti gbà á. Olórí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. A gbà pé ìjọba ni yóò pinnu, pé ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ ní agbára láti di òfin lọ́wọ́. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ọ̀nà Brussels ju ọ̀nà ibùdó tí àwọn tí wọ́n ń ṣojú fún ń gbé lọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ti wá ń dún bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ Kọmíṣọ̀n gẹ́lẹ́. Owó tún wà ńbẹ̀: ẹni tí ìjọba ń bọ́, báwo ni yóò ṣe bá ìjọba wí tí kò ní kó ahọ́n mì? Nígbà tí Yúróòpù bá Tọ́kì ṣe àdéhùn ní 2016 pé kó gba àwọn tó bá sọdá sí Gríìsì padà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières sọ pé àwọn ò ní gba owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù mọ́. Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n lè ṣe é. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń gbani nímọ̀ràn òfin ní ìlú kan létíkun ò lè dá a láṣà.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìjọba kan ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ yìí kọjá àríyànjiyàn. Húngárì ṣòfin ní 2018 tó sọ ríran ẹni tó fẹ́ tọrọ ìsádi lọ́wọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n; ọdún 2021 ni ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tó sọ pé òfin náà kò tọ̀nà. Ní Ítálì, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Iuventa, tó ń yọ àwọn tó ń rì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n sì fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni adájọ́ ní Trapani tó da ẹjọ́ náà nù. Fún nǹkan bí ọdún méje, ọkọ̀ tó lè gbẹ̀mí là wà ní èbúté ó ń jẹrà. Ẹ ò lè máa pe èèyàn wá sí tábìlì ní Brussels kí ẹ sì máa wọ́ irú rẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ ní Sísílì.

Ọ̀rọ̀ Tùnísíà tún wá bí wa nínú jù. Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2023, Ursula von der Leyen, olórí Kọmíṣọ̀n, wà ní Tunis fún ìfọwọ́síwèé lórí àdéhùn tó ní dídá àwọn èèyàn dúró kí wọ́n má sọdá òkun nínú. Nínú oṣù yẹn gan-an ni àwọn agbófinró Tùnísíà ń kó àwọn èèyàn dúdú lọ jù sínú aṣálẹ̀ lẹ́bàá ààlà Líbíà, láìsí omi, nínú oòrùn. Nígbà tí Emily O'Reilly, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù nígbà náà, wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé Kọmíṣọ̀n ti ṣe àyẹ̀wò ewu kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí aráyé mọ̀. Ẹgbẹ́ aráàlú wo ni wọ́n fẹ́ bá jíròrò nígbà tí ìwé tó yẹ kí wọ́n jíròrò lé lórí wà nínú dúrọ́ọ̀?

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni òfin tuntun tí wọ́n dìbò lé lórí ní 2024 dá fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá dé ẹnubodè láìní ìwé, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ 7. Bí ó bá wá láti orílẹ̀-èdè tí wọn kì í gbà ju 20 nínú 100 lára àwọn ọmọ rẹ̀ tó béèrè fún ìsádi, ẹnubodè níbẹ̀ náà ni wọn yóò ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ìgbà kúkúrú nìyẹn fún ẹni tí kò gbọ́ èdè, tí kò mọ lọ́yà, tí ẹ̀rí tó ní kò ju àpá ara rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni òfin náà fi ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbé ìgbìmọ̀ olómìnira kalẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ bóyá wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀ nígbà àyẹ̀wò. Ó gbà kí àwọn ẹgbẹ́ aráàlú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e.

Àwa ní kó di dandan. Kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè náà gan-an wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, kí wọ́n lè wọlé nígbàkigbà láìkọ́kọ́ ránṣẹ́. Kí ẹnì kan tó ti la ètò ìsádi kọjá fúnra rẹ̀ máa wà nídìí gbogbo ìjíròrò, kí wọ́n sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ti ògbufọ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ń fún ní yúrò 38 lọ́sẹ̀ kò lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Brussels. Kí àbá tí ẹgbẹ́ bá kọ ránṣẹ́ gba èsì lórí ìwé láàárín oṣù mẹ́ta, kí èsì náà sì wà fún gbogbo ayé láti kà. Bí aláṣẹ bá fẹ́ sọ pé rárá, kó sọ ọ́, kó sì buwọ́ lù ú.

Ó ku tiwa nílé. Láti ọdún 2016 ni Nàìjíríà àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà lórí àdéhùn dídá àwọn tí wọn ò gbà padà wálé. Èèyàn mélòó nínú àwọn òǹkàwé wa ló ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí? A ò lè máa bú Brussels pé ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ kí Abuja máa ṣe bákan náà lórí ọmọ tiwa. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun pẹ̀lú, tí wọ́n mọ bí a ti ń gba gbọ̀ngàn fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àti ìwúyè, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ síbi àpérò ìjọba tí ìlú wọn bá ń pè lórí ìsádi. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àga wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Kí Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ní Abuja sì gbé ohun tó bá ti wà lórí ìwé nínú ìdúnàádúrà náà síwájú ilé aṣòfin àpapọ̀, ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.