Ṣé Lóòótọ́ Ni INEC Ń Pín Owó Ìpolongo fún Ẹgbẹ́ Òṣèlú?

Bí ìdìbò ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé, níbi ìpàdé ọmọ ìlú tí àwa Yorùbá ń ṣe ní Kubwa àti Nyanya ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jẹyọ: wọ́n á ní INEC, àjọ elétò ìdìbò, ló ń pín owó fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, àti pé torí owó yẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ tí kò lè rí ìjókòó kan ṣoṣo nílé aṣòfin ṣe ń forúkọ sílẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí òótọ́ ni nígbà kan rí.

Nígbà ìjọba Ibrahim Babangida, ìjọba fúnra rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ SDP àti NRC sílẹ̀, òun náà ló sì ń náwó lé wọn lórí. Òfin ìdìbò ọdún 2006 náà fàyè gba owó ìrànwọ́: kí gbogbo ẹgbẹ́ pín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì pín ìdá àádọ́rùn-ún tó kù gẹ́gẹ́ bí iye ìjókòó tí oníkálukú ní nílé aṣòfin àpapọ̀. Kódà nígbà náà, èérún ló ń kan ẹgbẹ́ kékeré. Òfin ọdún 2010 yọ ètò yẹn kúrò, ti ọdún 2022 kò sì dá a padà. Abala 228 ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣì gbà kí àwọn aṣòfin ya irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ kò pọn ọ́n ní dandan fún wọn.

Mo fura pé bílíọ̀nù 305 náírà tí INEC là sílẹ̀ fún ìdìbò ọdún 2023 ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ìwé ìdìbò, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ọkọ̀ àti owó òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìpolongo ẹnikẹ́ni.

Àpò àwọn tó fẹ́ díje ni apá kan owó ìpolongo ti ń wá. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ, PDP ta tirẹ̀ ní mílíọ̀nù 40. Àwọn olówó ló ń dá púpọ̀ nínú ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2022, tí wọ́n fi ṣe ìdìbò ọdún 2023, ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ju mílíọ̀nù 50 lọ, tí òfin ilé-iṣẹ́ sì ka irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún kọ́ńpìnnì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, nígbà tí gbèdéke ìnáwó olùdíje ààrẹ jẹ́ bílíọ̀nù 1, wọ́n dá owó tó lé ní bílíọ̀nù 21 níbi oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo nílé ìjọba níbí ní Àbújá, láti ti Goodluck Jonathan lẹ́yìn. PDP ní kì í ṣe ìpolongo nìkan ni owó náà wà fún.

Òfin ọdún 2022 sún gbèdéke náà sí bílíọ̀nù 5. Lábẹ́ òfin yẹn, ìtanràn olùdíje tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ré e kọjá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ, tàbí méjèèjì. Ìdá kan yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 50, ìdajì owó fọ́ọ̀mù APC géérégé.