Díṣì ti gun òrùlé, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ lábúlé, ọ̀rọ̀ díṣì sátẹ́láìtì ló máa ń bá mi sọ. Èwo ló yá jù? Níbo ni kí n gbé e kọ́? N kì í gbọ́ kí wọ́n bi mí pé ta ló lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wọ inú ẹ̀rọ àwọn.

Ti díṣì ò le mọ́. Sátẹ́láìtì ayé àtijọ́ ń bẹ lókè níbi kìlómítà 35,786, ẹ ó ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹni tí ẹ ń pè tó gbọ́. Ti Starlink ò ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún igi tó lè dí díṣì lójú. Ẹ̀ka igi kan dààmú mi fún odidi oṣù kan, òjò ni mò ń bú.

Inú ilé gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo kámẹ́rà tó ń ṣọ́ géètì yín: "admin" lorúkọ rẹ̀, "admin" náà ni password rẹ̀. Irú wọn ni Mirai, kòkòrò orí kọ̀ǹpútà kan, kó lẹ́rú lọ́dún 2016, tí wọ́n fi ya bo íntánẹ́ẹ̀tì, tí Twitter àti Netflix ò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹwàá. Àwọn tó ni kámẹ́rà ò tiẹ̀ fura. Bí kámẹ́rà yẹn bá wà lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń sanwó oṣù, ẹni tó bá gbà á ti jókòó sí pálọ̀ yín nìyẹn. Ẹ ya Wi-Fi iṣẹ́, ti kámẹ́rà àti ti àlejò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan á ní àwọn oníbàárà sátẹ́láìtì jọ ń pín àdírẹ́sì kan lò ni, pé ará ìta ò lè rí àwọn. Ó lóòótọ́ tiẹ̀ nínú, àmọ́ bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: fóònù àlejò ti wà nínú ilé ná. Àdírẹ́sì àjọpín yẹn ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà lè wọlé bí ẹ bá rìnrìn àjò. WireGuard, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi yanjú ti èmi. Ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́ ló máa ń pe sáfà (server) kékeré kan níta, ibẹ̀ ni fóònù mi ti ń pàdé rẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan sọ fóònù rẹ̀ nù, kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ni mo pa rẹ́. Àwọn yòókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.