Ebè tó kọjú sísàlẹ̀ òkè kì í gba oko lọ́wọ́ omi

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń dáko sórí òkè ní Abẹ́òkúta pé kí ló dé tí ebè wọn fi tò láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á ní, "Kí omi lè ráyè kọjá ni, kó má baà ba ẹ̀gẹ́ jẹ́." Ní àkùrọ̀, òótọ́ ni, omi tó bá dúró síbẹ̀ á mú kí ẹ̀gẹ́ jẹrà. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àtilọ kì í ṣe ìṣòro omi. Àtidúró ni.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, ẹ̀yin náà tún wá la gọ́tà fún un láàárín oko! Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, erùpẹ̀ tó lè gbé á ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Ilẹ̀dú tó wà lórí àpáta wa níbí kò sì nípọn. Inú rẹ̀ ni ewé jíjẹrà àti ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà wà, òun náà ni àgbàrá kọ́kọ́ ń kó.

Ẹ lọ wo irú oko bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà. Lápá òkè, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ti yọ síta. Nísàlẹ̀, erùpẹ̀ ti ṣù jọ, àgbàdo tó wà níbẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ ju ti òkè lọ. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ní òkúta ló ń dàgbà lóko àwọn. (Nílùú Olúmọ, ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?) Òkúta ò dàgbà o. Erùpẹ̀ tó bò ó ló ti gba Odò Ògùn lọ.

Kí ebè dábùú òkè ló dáa. Omi á dúró nínú poro, á rọra wọlẹ̀, ẹ̀gẹ́ á sì rí i mu nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró lóṣù kẹjọ. Àmọ́ ẹ má fojú lásán wọn ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba. Ẹ so igi méjì tó gùn dọ́gba pọ̀ lórí, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, ẹ fi igi kẹta dábùú wọn láàárín, kí ẹ wá so òkúta mọ́ okùn kó máa rọ̀ láti orí. Ẹ sàmì síbi tí okùn bá ti kan igi ìdábùú, ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ méjèèjì pààrọ̀ àyè, ẹ tún sàmì. Bí ẹ bá wá gbé e kalẹ̀ lórí òkè, tí okùn sì wà ní agbedeméjì àmì méjèèjì gẹ́lẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ dọ́gba nìyẹn. Ẹ kan èèkàn mọ́ ọn, ẹ máa bá a lọ. Ojú èèkàn ni ebè máa tọ̀.

Ebè tó bá wọ́, omi á gbá jọ síbi tó rẹlẹ̀, á sì já a. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àwọn gbìyànjú ẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ti kọsẹ̀. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́ kó tètè bo ilẹ̀, ẹ má sì sun koríko tí ẹ ro. Inú poro ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí.

Oníkatakata lè yarí pé ọkọ̀ òun á dojú dé bó bá gba ìbú òkè. Níbi tó bá ga, kò parọ́. Ọkọ́ ni kí ẹ gbé síbẹ̀, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún igi.