Òfì kò gbọdọ̀ san owó ibodè

Inú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ti Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin, dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òfì mẹ́rìnlá ni wọ́n dì jáde ní Ìlọrin níbí. Ní ibodè, ọkùnrin kan ní kí wọ́n tú ẹrù náà sílẹ̀. Ẹtù ló wà lókè, èyí tí àbúrò wa fi ọjọ́ mẹ́sàn-án hun, ọkùnrin yẹn sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbowó lé e. Kò sí rìsíìtì.

Owó yẹn dùn mí torí pé kò tọ́ rárá! Láti 1979 ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fẹnu kò pé oúnjẹ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín wa kò ní san owó ibodè. Ọdún 1990 ni wọ́n tó fi ọjà ilé iṣẹ́ ńlá kún un. Ọjà ilé iṣẹ́ nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ọwọ́ hun kò nílò rẹ̀. Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ náà, Benin náà wà níbẹ̀.

Èyí tó tún burú jù: oṣù Keje 2019 ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà, AfCFTA. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, a ti ibodè orí ilẹ̀ pa! Ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Ní Yúróòpù, ọkọ̀ ẹrù a máa kúrò ní Jámánì wọ Faransé láìsan kọ́bọ̀ owó ibodè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ó lé ní ìdajì ọjà wọn tí wọ́n ń tà fún ara wọn. Tiwa ní Áfíríkà kò ju bí ìdá 15 nínú 100 lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìjọba kọ àdéhùn ECOWAS náà ní Yorùbá, Haúsá àti Bàrùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ibodè àti ní Ọjà Ọba. Ìyá tó ń ta òfì gbọ́dọ̀ lè nàka sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi tún ń lọ. Mo ti tẹ ojú ìwé àdéhùn náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, mo ká a sínú àpò wọn. Ipasẹ̀ bàtà ṣì wà lára ẹtù yẹn.