Ìtàn Wo? Orin Wo?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa àlọ́ kan fún yín. Àlọ́ àwọn tó ń sọ èdè Kannada ni, ní ìpínlẹ̀ Karnataka, gúúsù Íńdíà.

Obìnrin kan mọ ìtàn kan, ó sì mọ orin kan. Kò sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni, kò sì kọ orin náà sétí ẹnikẹ́ni. Ìtàn àti orin ò rímú mí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó sùn, tó yanu sílẹ̀, ìtàn bọ́ jáde, ó di bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Orin náà bọ́ jáde, ó di kóòtù, ó gbé ara rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ni ọkọ bá dé. Ta ló ni kóòtù? Ta ló ni bàtà? Ìyàwó ní òun ò mọ̀. Ìjà ńlá dé, ọkọ bínú gbé aṣọ ìbora, ó lọ sùn ní ilé òrìṣà Hanuman.

Ibi tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Tí àwọn ará ìlú bá ti pa fìtílà lálẹ́, àwọn iná náà kì í kú, ilé òrìṣà yẹn ni wọ́n ti ń pàdé láti tàkúrọ̀sọ. Iná ilé ọkọ yìí ló dé kẹ́yìn. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó pẹ́, ó sì rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Ọkọ gbọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó lọ bi ìyàwó rẹ̀ nípa ìtàn àti orin rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ìtàn wo? Orin wo?"

Àwọn kan á ní ahun ni obìnrin yẹn. Èmi ò gbà. Ṣé ọkọ yẹn bi í léèrè rí kó tó rí kóòtù lára ògiri?

A. K. Ramanujan, akéwì tí wọ́n bí ní Mysore lọ́dún 1929, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú àlọ́ báyìí jọ. Ó ṣàkíyèsí pé nínú àwọn tí obìnrin ń pa nípa obìnrin, ìgbéyàwó kọ́ ni òpin. Ẹ wo àlọ́ ọmọbìnrin kan tó máa ń di igi olódòdó: ilé ọkọ ni àbúrò ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ ti ya ẹ̀ka rẹ̀, tó fi padà di èèyàn láìní ọwọ́, láìní ẹsẹ̀. Ajji, ìyẹn ìyá àgbà lédè Kannada, ló ń sọ èyí bó ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ lálẹ́. Ọmọ náà ò sì ní jẹ́ kó sinmi: kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?

Màmá mi ti lé ní 70 ọdún. Mò ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò sì ní mú fóònù jáde tí a bá ń jẹun.