Olè, Padà Wá Sílé!

Ẹ kú ìfẹ́, ẹ̀yin ọmọ Man U, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United. Ẹ kú àìgbàgbé. Irú ìfẹ́ tiyín yìí ṣọ̀wọ́n láyé òde òní, pé kí èèyàn fi èpè lé kóòṣì ẹ̀ jáde nílé lóṣù kọkànlá ọdún 2021, kó sì tún máa fi omijé wá a kiri lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Òkò tí ẹ sọ tẹ̀lé e kò tíì balẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ́ ẹní dè é.

N kò bá má dá sí i. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló mú mi dá sí i, pátákó ni.

Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Orí ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹni tó fẹ́ gbá àti iye tí èèyàn máa san. Lọ́jọ́ Ajé tí ìròyìn jáde pé wọ́n ti lé Ruben Amorim, kóòṣì Man U, mo ń ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ bọ̀, orí mi ṣì ń ta mí, ni mo bá rí i pé ọmọ tó máa ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó wá kọ ìlà kan ṣoṣo sí i, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ó tún fa igi méjì sí i nídìí:

OLE PADA WA SILE

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ mi kò lè kúrò níwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ, ta lẹ̀ ń pè wá sílé?"

"Ole ni, Bàbá. Kóòṣì wa àtijọ́."

"Ṣé kò ní orúkọ bàbá ni?"

Ó ní ó ní, òun kọ ọ́ tì ni. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó. Lóòótọ́, àpá ìjà tó bá orúkọ náà jà ṣì wà níbẹ̀. SOSHA wà lókè, SOLSHIA tẹ̀ lé e, ọ̀kan tún wà nísàlẹ̀ tó jọ orúkọ oògùn ibà. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi nù wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀hún sì funfun bíi ti ẹni tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. N kò bá a wí torí Solskjær, orúkọ bàbá Ole. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìṣì í lẹ́ẹ̀kan, kó wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ àmì ohùn ń kọ́? Ẹ wo OLE tó dá dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí kò ní ìyá. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sí ìdí ẹ̀, olè ni, tó ń jalè. Ẹ fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì méjèèjì, kí ẹ gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn wá síwájú, ọ̀lẹ ni, tí kì í ṣiṣẹ́. Ẹ tún dá a padà sẹ́yìn, ọlẹ̀ ni, tó wà nínú aboyún, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ojú ẹ̀. Bí ẹ bá sì fà á gùn díẹ̀ sí i, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, a lè fi jẹ ẹ̀kọ. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní kó sọ èyí tó ń pè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n bá a fi àmì sí i. Ó ronú títí.

"Bàbá, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ó ti yé wa."

Ó yé wọn, kò yé àdúgbò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ogójì ọkùnrin kó ara wọn jọ síwájú pátákó, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń pariwo "Ole! Ole! Ole!" Ẹ sì mọ ohun tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ìyá tó ń ta àmàlà lódìkejì títì kó gbogbo owó sínú tòbí, ó tún sáré dé ìkòkò gbẹ̀gìrì pa, bí ẹni pé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jí. Fúkanáísà gbé jáàkì. Onílé kan yọ sí bákónì pẹ̀lú àdá, ìró ìyàwó ẹ̀ ló ró mọ́dìí. Ọdẹ àdúgbò fun fèrè tí kò fun láti ọdún Iléyá. Ọlọ́kadà kan já èrò sílẹ̀ láìgba owó, ó kọjú mọ́tò ẹ̀ sí Mọ́lété, ó sá lọ; ohun tó ń sá fún, òun àti Ẹlẹ́dàá ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan tó gbé ewúrẹ́ kọ́ èjìká bọ̀ láti ọjà sọ ọ́ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun ní rìsíìtì. Ewúrẹ́ yẹn kò dúró gbọ́ ìyókù. Títí di àárọ̀ tí mo ń kọ èyí, ó ṣì wà ládùúgbò wa, ó ń jẹ èèpo iṣu kiri.

Òyìnbó a sì máa kọ ọ́ lórin pé Ole ló wà nídìí ọkọ̀. Ẹ bá mi túmọ̀ ìyẹn fún ẹni tí wọ́n ti jí mọ́tò ẹ̀ gbé rí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Èmi náà ti pe olè padà rí. Mo ní mẹ́káníìkì kan nígbà kan, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bú u kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹni tí mo wá bá lọ kò mọ̀ ju kó máa na irin bí alágbẹ̀dẹ lọ. Lọ́jọ́ tí mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí mo jókòó sí ẹ̀bá títì nínú oòrùn, ẹni àtijọ́ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí bó ṣe máa ń fi etí sí ẹ́ńjìnnì bíi dókítà. Mo rántí ẹ̀rín ẹ̀. Ní kúkúrú, mo padà. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Dádì, mo mọ̀ pé ẹ máa padà wálé." Bátìrì tuntun tí mo gbé wọ ọgbà ẹ̀ lọ́jọ́ náà, òkú ọ̀kan ni mo gbé jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé bátìrì gan-an ló lé mi lọ níjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin náà ti gbàgbé bátìrì. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Liverpool wọ inú Old Trafford, ó gbá márùn-ún sí yín láwọ̀n, ẹ ò rí ẹyọ kan dá padà. Ọ̀gbẹ́ni tó bọ́ jẹ́sì lọ́rùn ní sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn, tó fi nu ẹrẹ̀ bàtà ẹ̀, tó ní òun ò ṣe mọ́, òun gan-an ló ń lé orin níwájú pátákó báyìí. Jẹ́sì kan náà ló wọ̀! Mo rí àbàwọ́n ẹrẹ̀ yẹn. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, Watford fún yín ní mẹ́rin sí ọ̀kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n lé e. Ẹ ra mínírà yípo sẹ́ńtà. Mo mu nínú ẹ̀; Fáńtà ni wọ́n fún mi. Lọ́dún yẹn náà ni ẹ bá Villarreal gbá pẹnáritì ní Gdańsk títí ó fi kan àwọn gólì, De Gea tó ń ṣọ́ ilé yín gbá tiẹ̀, wọ́n mú un, 11 sí 10. Gbogbo ìyẹn ti di ayé dáadáa lẹ́nu yín báyìí.

N kò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Òun ló ki ẹsẹ̀ bọ bọ́ọ̀lù ní Barcelona ní 1999 tí Bayern fi sunkún lọ sílé. Òun náà ló kó yín lọ bá Paris nílé wọn ní 2019, tó yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje. Ipò kejì ló ṣe ní sáà 2020 sí 2021, èèyàn tó wá ṣe ipò 15 lábẹ́ Amorim máa rántí ipò kejì bí ẹni rántí oúnjẹ ìyá ẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú yín ti rí nǹkan. Kí Grimsby Town, ẹgbẹ́ ìpele kẹrin, wá fi pẹnáritì 12 sí 11 lé èèyàn dànù, kì í ṣe ohun à ń sọ fún ọmọdé. (Ẹ̀yin àti pẹnáritì tó ń gùn bí ìwàásù ìsọ́ òru, kí lẹ jọ dì?)

Kí àwọn Chelsea má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọdún tuntun tí kóòṣì yín, Maresca, kúrò lọ́dọ̀ yín, àmàlà ọdún kò tíì dà nínú àwọn kan tí wọ́n ti ń pe Mourinho, kóòṣì yín àtijọ́. Ẹ ti pè é padà rí ní 2013! Ó gba líìgì fún yín ní 2015, nígbà tí Kérésìmesì ọdún kan náà fi ń bọ̀, ipò 16 lẹ wà, ẹ sì ti lé e. Lampard ń kọ́? Ẹ pè é padà lóṣù kẹrin 2023, ó fi mẹ́fà àkọ́kọ́ pàdánù léraléra, nínú 11 tó gbá, ẹyọ kan ló mú. Àwọn Arsenal fara ti ògiri, wọ́n ń yọ eyín, bí ẹni pé kì í ṣe àwọn ló gbé pálí kiri pé kí Wenger, kóòṣì wọn, máa lọ, tí wọ́n wá ń pè é ní bàbá ní kété tó lọ tán ní 2018.

Àwa nílé kò sì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí kóòṣì Shuaibu Amodu? Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé 2002 fún Super Eagles, wọ́n lé e, wọ́n lọ pe Adégbóyè Onígbìndé padà, ẹni tó gbé Eagles dé ipò kejì ní Áfíríkà ní 1984. Wọ́n tún pe Amodu, ó tún gba tíkẹ́ẹ̀tì 2010, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún Lagerbäck. Ọkùnrin náà gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì, kò jẹ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olóògbé ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ibi tó ti ń dùn mí gan-an ni mo ń bọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 12 ni mí ní 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars gba ife Áfíríkà wá sí Ìbàdàn, tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gba irú ẹ̀ rí. Muda Lawal! Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí! Abẹ́ agbádá bàbá mi ni mo máa ń gbà wọ pápá Liberty láìsan kọ́bọ̀. Mo máa di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, a jọ máa rìn bí ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kọjá níwájú onítíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí lólè fún ìyẹn, kó fi àmì sí i. Bí Shooting bá nà wọ́n, bàbá mi máa ra dùńdú fún gbogbo ilé. Bí wọ́n bá nà wá, kò ní sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìyá mi kò sì ní bi í ní nǹkan kan.

Ni mo bá bi ogójì ọkùnrin yẹn: kóòṣì Shooting, kí lorúkọ ẹ̀? Wọ́n wojú ara wọn. Ọ̀kan, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí síbí, ó ní, "Bàbá, ṣé Shooting ṣì ń gbá ni?"

Orí yín pé ṣá? Ọkọ̀ kan péré ló kù kí ẹ dé Adamasingba, níbi tí Shooting ti ń gbá. Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ̀ ń yan kóòṣì fún àwọn Glazer tó ra Man U láti 2005, tí wọn ò mọ̀ bóyá Òkè-Àdó jẹ́ ìlú tàbí oúnjẹ! Àwọn kan nínú yín ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀! Ẹni tó jẹ owó ilé oṣù mẹ́jọ ń gbààwẹ̀ kí ọmọ Norway rí iṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ dẹ́rẹ́bà láti ìgbà tí kóòṣì Ferguson ti lọ ní 2013 títí orúkọ ò fi gba pátákó mọ́, ẹnìkan ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Kì í ṣe Ole ni ẹ ń sunkún fún. Ẹ̀yin fúnra yín ni, nígbà tí ẹ ṣì ní irun lórí, tí ẹ sì ń fi igba náírà wo bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ jókòó!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Man U gbé iṣẹ́ fún Michael Carrick títí di ìparí sáà. Ará ilé náà ni, òun ló di ipò mú fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ní 2021 nígbà tí wọ́n lé Ole. Mo kọjá lẹ́nu sẹ́ńtà nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà ti na àtẹ́lẹwọ́, ó ti nu OLE kúrò, ó há CARRICK mọ́ àyè lẹ́tà mẹ́ta, àwọn lẹ́tà náà fún mọ́ra bí èrò inú Míkírà. PADA WA SILE kò yí padà. Àmọ́ kò nù ún mọ́ dáadáa, OLE ṣì ń yọjú lẹ́yìn CARRICK bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ.

Ìyá alámàlà pè mí lódìkejì títì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, olè ọjọ́sí yẹn, ṣé wọ́n ti wá mú un?"

"Wọn ò mú un, Ìyá. Èkejì ẹ̀ ni wọ́n mú."

Ó tún kó owó sínú tòbí.