Ẹ má tètè pa fídíò yẹ̀yẹ́ yín rẹ́

Ẹ̀yin aláwàdà orí ayélujára, láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ẹ yé sáré pa fídíò rẹ́ torí pé YouTube kọ̀wé sí yín lórí orin olórin tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá claim (ẹ̀sùn pé orin olórin wà nínú fídíò yín) ni àbí strike (ìjìyà tí wọ́n kọ sọ́rùn ṣánẹ́ẹ̀lì yín).

Ẹ̀rọ Content ID ló sábà máa ń fi claim ránṣẹ́. Ohùn ló ń gbọ́, kò mọ àwàdà. Claim kì í ba ṣánẹ́ẹ̀lì jẹ́. Owó ìpolówó ló lè bọ́ sọ́wọ́ olórin, tàbí kí wọ́n dí fídíò náà pa. Strike ló le. Ẹni tó lórin ló kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́, mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ sì lè gbé ṣánẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ pa fídíò rẹ́ o, strike ṣì wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ claim, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ tẹ Content, kí ẹ tẹ Copyright tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. Ẹ máa rí orin náà àti ìṣẹ́jú tó ti wọlé. Bí ẹ bá tako claim náà láàárín ọjọ́ 5, wọ́n á bá yín tọ́jú owó náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Olórin ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Bó bá dákẹ́, claim kú. Àmọ́ ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín náà ló ń dá ẹjọ́ àkọ́kọ́! Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Bó bá kọ̀, tí ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó lè wá fi strike lé yín lórí.

Ẹ má kọ "mi ò ní in lọ́kàn láti jalè" sínú àtakò yín, kò wúlò. Ẹ kọ ohun tí ẹ mú, ohun tí ẹ yí padà, àti ohun tí ẹ ń bú nínú orin náà gan-an. Bí orin bá ń yin olówó, tí ẹ wá yí i sí ti ajẹgbèsè tó ń sá kiri Ọjà Ọba, orin yẹn lẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹsẹ̀ yín múlẹ̀. Bí ẹ bá kàn gba ìlù rẹ̀ láti fi bú àwọn oníná, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Òfin Copyright (ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́) ti Nàìjíríà, ti 2022, ní abala 20, dárúkọ irú ẹ̀fẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo bí ohun tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó àti bóyá ó ń gba ọjà mọ́ olórin lọ́wọ́.

Ẹ bẹ onílù dàdàkúàdà kan lọ́wẹ̀ kó lu tiyín. Ẹ̀tọ́ orí rẹ́kọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ti orin fúnra rẹ̀. Ẹ ti bọ́ nínú ọ̀kan nìyẹn.

Counter-notification, ìwé tí ẹ fi ń tako strike, kì í ṣe eré. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín á dé ọ̀dọ̀ olórin, ẹ ó sì gbà pé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n fún un láti fi hàn pé òun ti pẹjọ́. Ẹni tó ń gbé Tanke ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Lọ́yà lè bá a fi í ránṣẹ́.